Aládùúgbò Ló Ń Bọ́ Wọn, Ọgbà Mi Ni Wọ́n Ń Su Sí: Ìbéèrè Yín Lórí Ológbò Ìta

Ẹ kú ìdúró o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà ológbò tó wọlé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ju ti ọkọ àti ìyàwó lọ, ẹ ò rí nǹkan! Àwọn kan ń bínú sí ológbò, àwọn kan ń bínú sí ẹni tó ń fún wọn lóúnjẹ, àwọn tó ń fún wọn lóúnjẹ náà wá ń bínú sí gbogbo ayé. Mi ò lè tẹ gbogbo ẹ̀ síbí, torí náà mo kó àwọn tó jọra pọ̀, mo mú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Tẹ́ ẹ ò bá rí lẹ́tà tiyín, ẹ fara balẹ̀ ka ti ẹlòmíì, èsì tiyín lè wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Màmá tó ń gbé ilé kejì sí tiwa ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún ológbò kan lẹ́yìn ilé wọn, àánú ló ṣe wọ́n, mi ò sọ pé kò dáa. Àmọ́ ẹyọ kan yẹn ti di mẹ́jọ báyìí, mi ò tíì ka àwọn ọmọ mọ́ ọn. Ọgbà tèmi ni wọ́n ti ń su, ibi tí mo gbin ewébẹ̀ sí gan-an ni wọ́n yàn, tó bá di òru wọ́n á máa han gooro bí ọmọ tuntun, wọ́n á máa ja ìjà lórí òrùlé, akọ kan tún wà nínú wọn tó máa ń tọ̀ sára ilẹ̀kùn wa, òórùn ẹ̀ ò ṣeé sọ. Mo bá màmá sọ̀rọ̀, wọ́n ní ẹ̀dá Ọlọ́run ni. Ọkọ mi ní òun máa fi májèlé sínú ẹran, èmi ní ká kó wọn sínú àpò ká lọ já wọn sílẹ̀ níbi tó jìnnà. Èwo lẹ fọwọ́ sí? — Èmi tí mi ò róorun sùn

ÈSÌ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́, àìsùn ò dáa. Àmọ́ mi ò fọwọ́ sí ìkankan nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ ná.

Ká kọ́kọ́ mú ti ọkọ yín. Májèlé ò mọ ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ gbé e sílẹ̀ o. Ajá onílé kẹta lè jẹ ẹ́, ọmọdé tó ń rá kiri lè fọwọ́ kàn án kó sì fọwọ́ yẹn sẹ́nu, ológbò tẹ́nì kan ń sìn nínú ilé ẹ̀ náà lè yọ́ jáde lálẹ́ kó lọ bá a níbẹ̀. Èyí tó bá sì jẹ ẹ́ kì í kú síwájú yín kẹ́ ẹ rí i gbé sọ nù, ibi kọ́lọ́fín ló máa ń wá lọ, ó lè jẹ́ inú àjà ilé yín ló máa kú sí, ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀ pé òórùn ìtọ̀ kéré. Yàtọ̀ síyẹn, òfin ò gbà á níbi tó pọ̀. Ní Ítálì, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1991 sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ológbò tó ń gbé ìta, pé ṣe ni kí wọ́n tẹ̀ wọ́n lọ́dàá kí wọ́n sì dá wọn padà sáàárín ẹgbẹ́ wọn. Ẹ wádìí òfin ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé kí ọkọ yín tó sọ ara ẹ̀ di ọ̀daràn nítorí ìgbẹ́ ológbò.

Tiyín náà wá kù, ti inú àpò. Mo mọ̀ pé ó dà bíi pé ó sàn díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ṣáà kú lójú yín. Àmọ́ ológbò máa ń mọ àdúgbò ẹ̀ mọ́ra, òmíì á rìn padà wá bá yín, èyí tí ò bá rí ọ̀nà á bá àwọn ológbò mìíì níbi tẹ́ ẹ já a sí, wọ́n á lé e, kò ní mọ ibi tí omi wà, kò ní mọ ibi tó lè sá sí, ọ̀pọ̀ wọn ni ò ní pẹ́ láyé. Ibi tẹ́ ẹ ti kó wọn náà ò sì ní ṣófo, torí ohun tó pè wọ́n wá ṣì wà níbẹ̀, abọ́ màmá wà níbẹ̀, ààtàn wà níbẹ̀, eku wà níbẹ̀, ibi gbígbẹ tí wọ́n lè bímọ sí náà wà níbẹ̀. Àwọn tó wà lójú pópó kejì á sún wọlé, èyí tẹ́ ẹ ò sì rí mú nínú àwọn ti tẹ́lẹ̀ á wá máa jẹ yó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọmọ wọn á máa yè. Ẹ rántí pé abo ológbò lè lóyún látìgbà tó bá ti pé bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún, oyún ẹ̀ ò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ, bíi mẹ́rin ló ń bí lẹ́ẹ̀kan, òmíì sì máa ń tún lóyún kó tó gba ọmú lẹ́nu àwọn tó wà nílẹ̀. Ẹyọ kan tó di mẹ́jọ ò yà mí lẹ́nu rárá, ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mẹ́jọ péré ni.

Mo sì mọ̀ pé àwọn kan tó ń ka ìwé yìí ti ń sọ ọ́ lábẹ́nú pé kí màmá ṣáà ti ṣíwọ́ oúnjẹ, kí ọ̀rọ̀ tán. Tí wọ́n bá ṣíwọ́ lóòótọ́, ṣé ẹ rò pé àwọn ológbò á di ẹrù wọn kí wọ́n máa lọ ni? Rárá o, wọ́n á fọ́n ká, wọ́n á bọ́ sínú garawa ìdọ̀tí yín, wọ́n á máa yọjú lójú fèrèsé ilé ìdáná yín, ebi á mú kí ara wọn má dá, àìsàn á wọlé.

Èmi ò rí màmá yìí bí ẹni tó dá wàhálà sílẹ̀. Mo rí wọn bí ẹnì kan ṣoṣo ládùúgbò yín tí àwọn ẹranko yìí máa ń jáde wá bá. Àwọn ló mọ iye tí wọ́n jẹ́, àwọn ló mọ èyí tó lóyún àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn ló mọ aago tí wọ́n ń jáde. Ẹni tó bá fẹ́ mú ológbò tí ò gbà kí èèyàn fọwọ́ kàn án, irú ìmọ̀ yìí ló ń wá. Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá jà yẹn gan-an lẹ nílò.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n mú wọn, kí wọ́n kó wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kó tẹ àwọn akọ lọ́dàá, kó yọ ilé ọmọ àwọn abo, kó fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, kí wọ́n sì dá wọn padà síbi tí wọ́n ti mú wọn. Nígbà tí oorun abẹ́rẹ́ ṣì wà lójú wọn, dókítà á gé ṣóńṣó etí kan díẹ̀, òsì ló wọ́pọ̀ jù, kẹ́ni tó bá rí i lókèèrè lè mọ̀ pé wọ́n ti ṣe tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú láyé ló ń ṣe é báyìí, ó sì ní ẹgbẹ́ àwọn aláàánú ẹranko tó máa ń yá èèyàn ní kéèjì tàbí tó ń bá dókítà sọ̀rọ̀ kí owó ẹ̀ lè wálẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè.

Kéèjì yẹn náà ò le. Ó gùn, ẹnu ẹ̀ kan ló ṣí, irin pẹlẹbẹ kan wà nínú ẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ológbò bá ti tẹ irin yẹn mọ́lẹ̀ ilẹ̀kùn á já gbàù lẹ́yìn ẹ̀. Kí màmá kọ́kọ́ so ilẹ̀kùn yẹn sókè kó má lè já, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ sínú ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí àwọn ológbò lè mọ̀ ọ́n lára. Tó bá wá ku ọ̀la, kí wọ́n má gbé oúnjẹ jáde mọ́, omi nìkan, kí ebi lè mú wọn wọlé. Ẹja tí òórùn ẹ̀ ń ta sánsán ló dáa jù láti fi sínú ẹ̀. Ẹ má gbé kéèjì kalẹ̀ kẹ́ ẹ wá lọ máa wo tẹlifíṣọ̀n o, ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ ti ń rí i. Bó bá ti kó sí i, ṣe ló máa ya wèrè, á máa fi imú gbá irin, ẹ tètè ju aṣọ tó nípọn bo gbogbo kéèjì, bí ibẹ̀ bá ti ṣókùnkùn á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kiwọ́ bọ inú ẹ̀ láti fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, mo bẹ̀ yín. Tó bá jẹ́ abo, ẹ wo ọmú ẹ̀, tó bá wú tó sì pọ́n, á jẹ́ pé ọmọ wà níbì kan tó ń dúró dè é, ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n má dá a dúró pẹ́.

Ẹ ṣe gbogbo wọn tàbí kẹ́ ẹ ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láàárín àkókò tó súnmọ́ra. Tẹ́ ẹ bá ṣe méjì nínú mẹ́jọ lọ́dún yìí, méjì lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn tó kù á bí àbíjù kẹ́ ẹ tó padà dé.

Kí lẹ wá máa rí jẹ níbẹ̀? Oorun. Ariwo òru yẹn, abo tó ń wá akọ àti àwọn akọ tó ń torí ẹ̀ ja ìjà ni. Ìtọ̀ ara ilẹ̀kùn náà, akọ tó ń fi àmì sí ilẹ̀ ẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí agbára akọ yẹn tó tán lára ẹ̀, lẹ́yìn náà òórùn yẹn á dín kù gan-an, ìjà á dín kù. Mi ò sọ pé ológbò máa tán ládùúgbò yín lóṣù tó ń bọ̀ o, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín parọ́. Wọ́n á ṣì wà, wọn ò kàn ní bímọ mọ́, bí àwọn àgbà inú wọn ṣe ń kú ni iye wọn á máa dín, bí ẹlòmíì ò bá ṣáà máa wá já ọmọ ológbò sílẹ̀ fún yín lóru.

Ọgbà yín ńkọ́? Ilẹ̀ rírọ̀ tó gbẹ ni ológbò fẹ́ràn láti gbẹ́. Ẹ na wáyà oníhò-oníhò sórí ilẹ̀ náà kí ewébẹ̀ máa yọ láàárín ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ ki ẹ̀ka igi tó rí ṣóńṣó-ṣóńṣó bọ ilẹ̀ káàkiri, kẹ́ ẹ sì máa bomi rin ín, ilẹ̀ tútù kì í wù wọ́n. Ẹ wá ní kí màmá da yanrìn gbígbẹ sí kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ilé tiwọn, kí wọ́n máa kó ìgbẹ́ inú ẹ̀ dà nù lójoojúmọ́, ó máa yà yín lẹ́nu bí wọ́n á ṣe kó lọ síbẹ̀. Awọ ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn èèyàn ń sọ yẹn ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, bó bá ti gbẹ ó tán. Àmọ́ káńfọ̀ o, ẹ má dán an wò, májèlé ni fún ológbò àti fún ọmọ tó bá rò pé súìtì ni. Ilẹ̀kùn tó tọ̀ sí, ẹ má da bílíìṣì lé ìtọ̀ yẹn lórí, nǹkan tó máa ń rú jáde látinú àwọn méjèèjì ò dáa fún èémí yín. Ọṣẹ tó ní amóníà náà kọ́, òórùn amóníà jọ ti ìtọ̀, ṣe ló máa padà wá tọ̀ síbẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń ṣe láti fi fọ ìtọ̀ ẹran ọ̀sìn kúrò ni kẹ́ ẹ rà.

Ó ku bẹ́ẹ ṣe máa bá màmá sọ̀rọ̀, torí èyí tẹ́ ẹ ti sọ tẹ́lẹ̀ yẹn, ó dá mi lójú pé ìgbẹ́ lẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ láàárọ̀ nígbà tínú èèyàn ṣì rọ̀, ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ wá sọ pé, "Màmá, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ológbò yìí o. Abo ẹlẹ́sẹ̀ funfun yẹn, ṣé oyún ló tún wà níkùn ẹ̀ yẹn? Ara ẹ̀ ti ń jọ̀ o, ìgbà mélòó ló bí lọ́dún yìí?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹranko mọ̀ nínú ọkàn ẹ̀ pé bíbí ṣáá ń pa á lára, wọ́n sì ti lè rí ọmọ tó kú sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa wá sọ pé ẹ̀yin àti ọkọ yín á bá wọn dá nínú owó dókítà, ọkọ yín á sì wa ọkọ̀ gbé kéèjì lọ. Ẹ ò rí i pé agbára tó fẹ́ fi wá májèlé á rí ibi lò.

ÌBÉÈRÈ: Èmi ni mo ń fún wọn lóúnjẹ o, mo mọ̀ pé àwọn kan á ti kọ̀wé ẹjọ́ mi sí yín. Wọ́n ti da omi sí abọ́ tí mo gbé kalẹ̀, wọ́n ti bú mi nípàdé àdúgbò, ẹnì kan ní mò ń kó eku wá fún wọn. Gbogbo oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù nílé ni mò ń kó jáde fún wọn lálẹ́ kí n tó sùn, mo tún máa ń fún wọn ní mílíìkì. Ṣé kí n jáwọ́? — Ìyá ológbò

ÈSÌ: Ẹ má jáwọ́, àmọ́ ẹ yí ọwọ́ padà, torí ẹni tó ní ẹ̀ ń kó eku wá ò parọ́. Oúnjẹ tó bá sùn síta lóru, eku ló ń jẹ ẹ́ jù, èèrà àti aáyán á jẹ tiwọn níbẹ̀. Ojúmọmọ ni kẹ́ ẹ máa fún wọn, aago kan náà lójoojúmọ́, ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán ni kẹ́ ẹ gbé jáde, tó bá ti tó bí ààbọ̀ wákàtí kẹ́ ẹ kó abọ́ wọlé kẹ́ ẹ gbálẹ̀ ibẹ̀, bóyá wọ́n jẹ ẹ́ tán bóyá wọn ò jẹ ẹ́ tán. Láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan wọ́n á ti mọ aago yẹn, wọ́n á máa dé lásìkò, èyí ló sì máa jẹ́ kẹ́ ẹ lè kà wọ́n. Ẹ yé kó àṣẹ́kù tó ní iyọ̀, àlùbọ́sà àti eegun sísè fún wọn, àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Mílíìkì náà, èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó ti dàgbà ni inú wọn ò gbà á, ìgbẹ́ gbuuru ló ń fún wọn, ẹ mọ ọgbà ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru yẹn ń lọ. Omi tó mọ́ ló dáa.

Ẹ gbé abọ́ náà jìnnà sí fẹ́ǹsì àwọn ẹlòmíì. Ẹ ṣe ibi yanrìn tí mo sọ lókè fún wọn. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kẹ́ ẹ kọ sábẹ́ ẹ̀ bóyá wọ́n ti gé etí ẹ̀ tàbí wọn ò tíì gé e, bí tuntun bá ti yọjú òun ló kàn lọ́dọ̀ dókítà. Tí wọ́n bá tún bú yín nípàdé, fọ́tò yẹn ni kẹ́ ẹ mú jáde, ẹni tó bá rí i pé ẹ ní ètò á fẹ́ gbọ́ tẹnu yín. Ẹni tó bá ń bọ́ ológbò láìmú un lọ tẹ̀ lọ́dàá, èmi ò lè gbè é lẹ́yìn nípàdé kankan, màá bá wọn bú u ni.

Tí ọ̀kan nínú wọn bá ń ṣàìsàn, ẹ má fún un ní oògùn èèyàn. Parasetámọ́ọ̀lù, àní ẹyọ hóró kan, lè pa ológbò. Oògùn tó ń pa kòkòrò iná, tí wọ́n ń fi sí ajá lára náà, ẹ má fi sí ológbò lára, èròjà permẹ́trìn tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ń pa wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Mo rò pé àwọn àgbà ló sọ pé bí ológbò bá kúrò nílé, ilé di ilé èkúté. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò jẹ́ kí wọ́n máa bímọ kí wọ́n bá wa pa eku tán? — Ọmọ àgbà

ÈSÌ: Àwọn àgbà ò parọ́, àmọ́ èkúté ilé ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ eku ńlá inú gọ́tà. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwé ìwádìí jáde, ilé iṣẹ́ àtúnlo ìdọ̀tí kan ní Brooklyn ní New York ni wọ́n ti fi kámẹ́rà ṣọ́ àwọn ológbò ìta láàárín eku rẹpẹtẹ fún ọjọ́ 79, eku méjì péré ni wọ́n rí tí wọ́n pa. Àwọn eku yẹn kàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara pamọ́ ni, èèyàn wá ń rò pé wọ́n ti tán. Ẹyẹ àti àwọn nǹkan kéékèèké tí ò lè gba ara wọn sílẹ̀ ni ológbò ń pa ní ti gidi, ìṣirò kan tó jáde lọ́dún 2013 sọ pé ní Amẹ́ríkà nìkan, láàárín bílíọ̀nù 1.3 sí bílíọ̀nù 4 ẹyẹ ni ológbò ń pa lọ́dún, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò sìn ló sì ń pa èyí tó pọ̀ jù. Tí àdúgbò yín bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó tàbí irà tí ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n ń yé ẹyin sórí ilẹ̀, ẹ má ṣe ibi ìjẹun ológbò kankan síbẹ̀, ó tẹ̀ lọ́dàá o, kò tẹ̀ lọ́dàá o. Ẹ bo garawa ìdọ̀tí yín dáadáa, ìyẹn ló ń lé eku.

ÌBÉÈRÈ: Oyún oṣù mẹ́ta wà nínú mi, ìyá ọkọ mi ní kí n má kọjá níbi tí àwọn ológbò ìta bá wà torí àrùn kan wà lára wọn tó ń ba ọmọ inú jẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, inú ọgbà wa ni wọ́n ń sùn. — Ìyá ìkókó tó ń bọ̀

ÈSÌ: Ẹ kú ewu o, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín, wọ́n kàn fẹ̀ ẹ́ lójú díẹ̀ ni. Tòksóplásímà ni wọ́n ń pe kòkòrò yẹn. Ológbò máa ń kó o látara eku, ẹyẹ tàbí ẹran tútù tó jẹ, á wá máa bá ìgbẹ́ ẹ̀ jáde, ó sábà máa ń jẹ́ bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta péré láyé ẹ̀. Ìgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ò tíì lè ran èèyàn, ó di bí ọjọ́ kan sí márùn-ún kó tó lè ràn. Torí náà kíkọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ológbò ò ṣe yín ní nǹkan kan. Inú ilẹ̀ tí wọ́n su sí ni ewu wà, àti lára ewébẹ̀ tí wọn ò fọ̀ dáadáa, àti nínú ẹran tí ò jinná, ẹran yìí gan-an làwọn èèyàn máa ń gbàgbé tí wọ́n á máa lé ológbò kiri.

Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa kó ìgbẹ́ yẹn, kó sì máa kó o lójoojúmọ́. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀ ọgbà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kẹ́ ẹ fọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ se ẹran jinná. Kẹ́ ẹ sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá tún lọ wo oyún, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà tó lè sọ bóyá kòkòrò yẹn ti wọ ara yín rí, ẹni tó ti ní in tipẹ́ kó tó lóyún, ara ẹ̀ sábà máa ń dáàbò bo ọmọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọkùnrin mi lọ gbé ọmọ ológbò nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ìyá ẹ̀ gé e jẹ lọ́wọ́. Ojú ihò méjì péré ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀, ìyá mi ní kí n fi sílẹ̀. — Bàbá Júníọ̀

ÈSÌ: Bàbá Júníọ̀, a ti pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ tí lẹ́tà yín dé, ẹ sì ti gbé ọmọ lọ, torí àwọn ẹlòmíì ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ má fi sílẹ̀ o! Eyín ológbò tín-ín-rín, ó ń wọlé jìnnà, ojú ihò á pa dé lókè, kòkòrò á wà nísàlẹ̀, kó tó di ọ̀la ọwọ́ lè ti wú gelete. Dìgbòlugi sì tún wà níbẹ̀. Ajá ló ń fa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú dìgbòlugi tó ń pa èèyàn, àmọ́ ológbò náà lè ní in, bí àmì ẹ̀ bá sì ti jáde lára èèyàn, kò sí oògùn kankan tó ń gbà á là mọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó ń yè é. Lójú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé ojú ibẹ̀ sábẹ́ omi tó ń ṣàn, kẹ́ ẹ máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ wo aago o, torí ìṣẹ́jú 15 gùn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má fi nǹkan kan dí i. Kẹ́ ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, dókítà ló máa sọ bóyá abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti ti tẹ́tánọ́ọ̀sì yẹ. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ wo ológbò yẹn bóyá ó máa kú ná kẹ́ ẹ tó lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí ọmọ ológbò mẹ́ta lábẹ́ pákó lẹ́yìn gáréèjì, mi ò rí ìyá wọn. Ṣé kí n kó wọn wọlé? — Ọ̀dọ́ kan

ÈSÌ: Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ìyá wọn ti lè wá oúnjẹ lọ, bó bá sì rí yín tẹ́ ẹ dúró síbẹ̀ kò ní wọlé. Ẹ lọ jókòó síbi tó jìnnà kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ibẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Tí wọ́n bá ń sùn, tí ikùn wọn yó, tí ara wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ní ìyá. Tí wọ́n bá ń ké ṣáá, tí ara wọn tutù, tí ìyá ò sì yọjú títí, ẹ fi tówẹ̀lì wé wọn kí ara wọn kọ́kọ́ gbóná kí wọ́n tó jẹ ohunkóhun, ẹ má fún wọn ní mílíìkì màlúù, ẹ pe dókítà ẹranko. Tó bá jẹ́ pé ìyá wà, ẹ jẹ́ kó fún wọn lọ́mú, àmọ́ tí wọ́n bá ti ń jẹun fúnra wọn, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó pẹ́ rárá kẹ́ ẹ tó máa gbé wọn mọ́ra, torí láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje tí wọ́n bí wọn ni ọmọ ológbò máa ń tètè mọ èèyàn, èyí tó bá ti lo oṣù mélòó kan láìrí ọwọ́ èèyàn lè má gbà kẹ́ ẹ fọwọ́ kan òun títí ayé. Kẹ́ ẹ sì mú ìyá wọn yẹn náà lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá kó àwọn ọmọ, kó tó tún lóyún mìíì.